Sábó Ìbàdàn: obì ló bí i, kì í ṣe ìbọn

Àwọn kan ní Mọ́kọ́lá máa ń sọ pé àwọn ṣọ́jà Haúsá tí Captain Bower, aṣojú ìjọba òyìnbó, kó wọ Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn 1893 tí Ìbàdàn bá òyìnbó ṣe, ló tẹ Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá, dó. Èmi ò gbà. Ọdún tó lé ní ogún wà láàárín Bower àti Sábó, àgọ́ ṣọ́jà kì í sì í di ọjà fúnra rẹ̀.

Kí Bower tó dé rárá, Gàm̀bàrí ti wà láàárín wa. Ní ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọ́n ń fárí, wọ́n ń lọ́ okùn, wọ́n ń da màlúù, kí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá tó kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí Ìbàdàn wá di ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829, tí ó ń gba gbogbo ẹni tí ogun lé, ṣé Gàm̀bàrí kankan kò ní sí nínú wọn ni? Lójú tèmi, wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ tún wò ó: oyè Sẹ̀ríkí, tí Ìyápọ̀ ọmọ Ìbíkúnlé jẹ kí ó tó kú ní 1877, ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti wá. Ìlú tí kò mọ Haúsá kò ní fi oyè wọn dá ọmọ balógun lọ́lá.

Ṣùgbọ́n obì gan-an ló so wọ́n mọ́ ìlú. Gbàǹja ni Haúsá ń fẹ́, kì í ṣe àbàtà tí à ń fi bọrí. Ilẹ̀ Góńjà ló ti ń wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ín, tí ojú irin tó wọ Ìbàdàn ní 1901 sì dé Kánò ní 1911, àwọn fàtàkè, ìyẹn àwọn oníṣòwò Haúsá tó ń rìnrìn àjò, rọ́ wọlé. Ilé maigida, ìyẹn onílé Haúsá tó ń gba àlejò, ni wọ́n ń wọ̀ sí. Maigida ń bọ́ wọn, kò gba owó ilé; làdà, ìyẹn owó alárinà orí ọjà, ni tirẹ̀. Àwìn làwọn alápatà wa ń ra màlúù tí wọ́n dà wá, maigida náà ló sì ń ṣe onídùúró. Bí alápatà bá sá, òun ni yóò san án. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe bí onílé àti àlejò bá fọ́n ká inú ìlú, tí ẹnì kankan kò mọ ẹni tí yóò mú.

Ní 1916, nígbà Baálẹ̀ Ṣítù ọmọ Látòósà, wọ́n yan ilẹ̀ Sábó fún wọn, àwọn Haúsá sì ní olórí tiwọn. Òótọ́ ni pé ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí i, àti pé ẹ̀sùn olè tí wọ́n ń kà sí Haúsá lẹ́sẹ̀ wà nínú ìdí rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ Ìbàdàn ni, kì í ṣe ti òyìnbó. Ẹ ò gbọ́ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì?

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1952, ọ̀pọ̀ wọn wọ Tijáníyà, ẹgbẹ́ Súfì kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ní 1991, wọ́n pín Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún, Sábó bọ́ sí Àríwá Ìbàdàn. Ọjà màlúù ti kó lọ sí Akínyẹlé, ṣùgbọ́n àwọn Haúsá kò kúrò ní Sábó.