Eṣinṣin yín ni kó yan okùn fún yín

Omi odò Itchen ní Hampshire, nílẹ̀ England, mọ́ gaara débi pé ẹ lè dúró létí odò kẹ́ ẹ máa ka àmì tótòtó ara ẹja trout. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá pẹja ṣe máa ń sáré lọ ra okùn tó tínrín jù lọ, kí ẹja má baà rí i. Ẹ̀rù yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi ojú ẹja sílẹ̀ ná, ẹ wo eṣinṣin tẹ́ ẹ fẹ́ so.

Okùn tí à ń jù ki, ó sì wúwo, kò ṣeé so mọ́ ìwọ̀ kékeré tí eṣinṣin wà lára rẹ̀. Lídà ló wà láàárín wọn: ìdí rẹ̀ ki, ó sì ń tínrín lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé típẹ́ẹ̀tì, ègé tó kẹ́yìn, tí eṣinṣin wà lẹ́nu rẹ̀. Agbára apá yín ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí típẹ́ẹ̀tì bá tínrín jù fún eṣinṣin ńlá, agbára á tán lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ á ṣùjọ sórí omi. Bó bá ki jù fún eṣinṣin kékeré, okùn á máa wọ́ ọ kiri, ẹja á sì mọ̀ pé kòkòrò kì í rìn báyẹn.

Ẹ fi 3 pín nọ́ńbà ìwọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà típẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi X kọ. Ìwọ̀ 12, ẹ mú 4X. Ìwọ̀ 16, ẹ mú 5X. Kí náílọ́nù tó dé, inú kòkòrò ṣẹ́dà ni wọ́n ti ń fa okùn yìí (bí àwa náà ṣe ń rí òwú sányán lára kòkòrò), wọ́n á wá fà á gba ojú ihò irin kó lè tínrín. Iye ìgbà tó gba ihò kọjá ni X. Lónìí, kẹ́ ẹ lè mọ bí okùn ṣe ki tó, ẹ yọ X kúrò nínú 11: 5X ku 6, ìyẹn 0.006 ínǹṣì.

Ẹni tó bá fẹ́ so lídà fúnra rẹ̀, ìlànà Charles Ritz, gbajúgbajà apẹja kan, dára: ìdá 60 nínú 100 fún ìdí, 20 fún àárín, 20 fún típẹ́ẹ̀tì. Nínú lídà ẹsẹ̀ bàtà 9, ìyẹn sún mọ́ ínǹṣì 65, 22 àti 22. Àárín yẹn ni kẹ́ ẹ ti ṣe sùúrù. Ẹ fi ègé kéékèèké sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí èyí tó tẹ̀ lé ara wọn má fi ju 0.002 ínǹṣì yàtọ̀, kí kókó tí wọ́n ń pè ní blood knot lè dì wọ́n dáadáa. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kókó surgeon's knot ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ fi itọ́ rin kókó kẹ́ ẹ tó fà á, kẹ́ ẹ sì rọra fà á. Bẹ́ ẹ bá fa á ní gbígbẹ, ó máa gbóná, okùn tó wà lókè kókó á sì ká bí irun ewúrẹ́ lẹ́nu iná. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ gé e, kẹ́ ẹ tún un ta.

Fún eṣinṣin tó ń léfòó, náílọ́nù ni mo máa ń lò. Oríṣi okùn míì, fluorocarbon, wúwo ju omi lọ dáadáa, abẹ́ omi ló bá mu. Bẹ́ ẹ ṣe ń pààrọ̀ eṣinṣin ni típẹ́ẹ̀tì á máa kúrú. Tí kò bá ti tó ìgbọ̀nwọ́ kan mọ́, ẹ so tuntun.