Bí a ṣe ń to ìrìnàjò sí Gàbọ̀n

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń múra àtilọ sí Gàbọ̀n kọ́kọ́ máa ń wá, ibẹ̀ sì ni ètò wọn ti ń wọ́. Ẹranko ló yẹ kí a kọ́kọ́ yàn. Ẹranko tí ojú ń fẹ́ rí ni yóò sọ oṣù tí a ó lọ, oṣù á sọ ibi tí a ó dé, ibẹ̀ á sì sọ ọkọ̀ tí a ó wọ̀. Igbó kìjikìji ló bo ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ náà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní ọdún 2002, Ààrẹ Omar Bongo ya igbó 13 sọ́tọ̀ kí ìjọba máa dáàbò bò wọ́n. Àwọn igbó wọ̀nyí ni àlejò ń torí wọn lọ.

Ìlà agbedeméjì ayé la ilẹ̀ náà kọjá, ìdí nìyẹn tí ìgbà tiwọn kò fi bá tiwa dọ́gba. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan ní Ìbàdàn ní oṣù Keje, ẹ̀ẹ̀rùn ni ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, ó sì máa ń tó oṣù Kẹsàn-án kó tó parí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn ọlọ́yẹ́ tó ń la ètè o. Ìkúukùu á bo ojú ọ̀run, ara á tutù díẹ̀, òjò kò sì ní rọ̀. Àsìkò yìí ni àbùùbùtán ń wá sí etíkun Gàbọ̀n wá bímọ. Ìgbà náà sì ni ọ̀bọ mandrill, èyí tí imú rẹ̀ pupa tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí aró, máa ń kóra jọ ní Lopé, ọ̀kan nínú igbó 13 náà. Agbo kan lè lé ní 600. Ìjàpá òkun ńlá ní tirẹ̀, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló ń gòkè wá yé sí yanrìn Pongara, níwájú Libreville gan-an, àti Mayumba ní gúúsù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjàpá àti àbùùbùtán ní láti lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Loango, igbó mìíràn nínú wọn, erin máa ń rìn létí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ jìn, owó rẹ̀ sì ga. Lopé ló dára jù fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀. Ọ̀dàn àti igbó ló pàdé níbẹ̀, ojú sì ń rí erin àti ẹfọ̀n nínú ọ̀dàn ju inú igbó lọ. Láti Owendo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Libreville, ni ojú irin ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ dé Franceville, nǹkan bí kìlómítà 650. Ọdún 1986 ni wọ́n parí rẹ̀. Igi gẹdú àti ohun àlùmọ́nì màńgánísì tí wọ́n ń wà ní Moanda ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ èrò sì jọ ń lò. Bí ọ̀kan bá dúró, èkejì náà á dúró. Kí a má ṣe fi ọjọ́ tí a ó kúrò ní Lopé ṣe ọjọ́ tí a ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó kéré tán, kí ọjọ́ kan wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn ará Kútọnu àti Lomé gbọ́dọ̀ kíyè sí. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Gàbọ̀n lóòótọ́, iye rẹ̀ sí owó yúrò kò sì yàtọ̀ sí ti Benin àti Togo: 655.957 sí yúrò kan. Ṣùgbọ́n báńkì àpapọ̀ tó wà ní Yaoundé ló ń gbé ti Gàbọ̀n jáde, èyí tó wà ní Dakar ló ń gbé ti Benin àti Togo jáde, ọlọ́jà Libreville kò sì ní gba ti Dakar lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yúrò ni kí a mú dání, kí a sì ṣẹ́ ẹ ní Libreville, torí káàdì báńkì kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò nínú igbó.

Gàbọ̀n kò sí nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà ní láti gba físà. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà kò ṣeé fi sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Faransé ni èdè ìjọba.

Òru ni ọkọ̀ sábà máa ń já èrò sílẹ̀ ní Lopé. Kí onílé tí a ó sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ti mọ ọjọ́ tí a ń bọ̀, kó lè rán ẹni tó máa dúró de àlejò ní ibùdókọ̀.