Ilé eléré nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ilé eléré ni ibùgbé tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fún ẹni tó ń ṣe é kí ó fi ṣe tirẹ̀. Ó lè rà á tàbí kí ó kọ́ ọ, kí ó to àga àti pẹpẹ sínú rẹ̀ bó ṣe wù ú, kí ó kó ẹrù pamọ́ síbẹ̀, kí ó sì gba àlejò. Inú géèmù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú gbé àwọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí MMORPG, ni àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn kan gbà pé géèmù tí kò ní ilé kò tíì pé. Àwọn mìíràn ní kí iléeṣẹ́ fi owó àga àti kọ́tìnnì ṣe ogun tuntun àti ilẹ̀ tuntun tí ènìyàn lè rìn dé.

Bí a bá wo àwọn géèmù tó ti gbìyànjú rẹ̀, orí ilé fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìjà ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Orí ilẹ̀ ni: ṣé ó kárí, ta ni wọ́n fún, kí ló sì lè mú kí wọ́n gbà á padà? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló kan eléré tó wà ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán jù lọ.

Ilé orí ilẹ̀ gbangba

Habitat, tí Lucasfilm ṣe fún kọ̀ǹpútà Commodore 64 ní 1986, ti fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Nínú LambdaMOO, ayé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní 1990, kò sí àwòrán rárá. Ọ̀rọ̀ ni ènìyàn fi ń kọ́ yàrá, ọ̀rọ̀ náà ni àlejò sì máa ń kà bó bá wọlé.

Ultima Online, tí Origin Systems gbé jáde ní Oṣù Kẹsàn-án 1997, ló sọ ilé di nǹkan tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Eléré tó bá rí owó á ra ìwé ilé, á wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí igi tàbí òkúta kò dí, á tọ́ka sí i, ilé á sì hù lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń rí i. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣí i nígbà náà, ohun kan tó wà nínú àpò bí ẹrù yòókù. Bí olè bá jí i, olè náà lè wọlé kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ilé tí onílé kò bá wá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Pátákó ara rẹ̀ ló máa ń sọ bó ṣe gbó tó, láti orí ilé tuntun títí dé ìpele tó kẹ́yìn, tí wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti fẹ́ wó. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn á ti pàgọ́ yí i ká, nígbà mìíràn láti òru mọ́jú. Bó bá wó, ẹrù inú rẹ̀ di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣà á, ilẹ̀ náà sì di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìwé ilé lé e. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi tán. Àwọn tó ní ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní owó dọ́là gidi. Ní ọdún 2000, Origin ṣe ẹ̀dà ayé géèmù náà kejì, tí wọ́n pè ní Trammel, àwọn eléré sì ya bò ó láti gba ilẹ̀.

Raph Koster, tó wà lára àwọn olórí tó ṣètò Ultima Online, tún gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ nínú Star Wars Galaxies ní 2003. Níbẹ̀, àwọn eléré lè kó ilé wọn jọ di ìlú, kí wọ́n dìbò yan olórí ìlú, kí wọ́n sì fi ọlọ́jà sínú ilé kí ó máa bá wọn ta ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Ìyẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn ilé eléré: ó sọ oníṣẹ́ ọwọ́ di ènìyàn pàtàkì nínú géèmù tí jagunjagun ì bá nìkan gbapò. Ṣùgbọ́n bí eléré bá fi géèmù sílẹ̀, ilé rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí ìlú á fi kún fún ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n ti sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, pa, gbogbo ìlú náà sì bá a lọ.

Ilé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn

Ọ̀nà kejì kò gba ilẹ̀ rárá. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń gbà, ṣùgbọ́n oníkálukú tó bá wọlé bá ilé tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. EverQuest II lò ó láti 2004. Nínú RuneScape, tó fi ilé kún un ní Oṣù Karùn-ún 2006, 1,000 owó ẹyọ ni ilé àkọ́kọ́ ní Rimmington, ìlú kan nínú géèmù náà, iye tí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè rí. Kò sí ẹni tó lè gba ilé mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n ń sọ sí irú ilé yìí ni pé kò ní aládùúgbò. Ó jóòótọ́ nínú World of Warcraft ní Oṣù Kọkànlá 2014, nígbà tí wọ́n fún eléré kọ̀ọ̀kan ní odi ogun tirẹ̀ tó ní ohun gbogbo; kálukú jókòó sínú tirẹ̀, àwọn ìlú ńlá sì dá páropáro. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti rí bẹ́ẹ̀, ó ṣe tán. Nínú Old School RuneScape, ẹ̀dà RuneScape ti àtijọ́, àwọn tó ní pẹpẹ oníwúrà nílé máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àjèjì kí wọ́n wá fi egungun rúbọ níbẹ̀, kí ìmọ̀ àdúrà wọn lè tètè ga. Sáfà 330 ló gbajúmọ̀ fún un, Rimmington ibẹ̀ kì í sì í ṣófo.

Final Fantasy XIV àti ọjọ́ 45

Géèmù ilẹ̀ Japan yìí fi àdúgbò ilé sí i ní Oṣù Kejìlá 2013. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní iye ilẹ̀ tó dájú, ilẹ̀ náà sì kéré sí iye tó ń wá a. Ìyà tó tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Bí ilẹ̀ kan bá ṣófo, àkókò tí wọ́n á tà á jẹ́ àṣírí, nítorí náà àwọn eléré á dúró síwájú pátákó ilẹ̀ náà, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ léraléra fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn kan sì ní ẹ̀rọ tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ní Oṣù Kẹrin 2022, Square Enix, iléeṣẹ́ tó ni géèmù náà, sọ ọ́ di lọ́tìrì. Ènìyàn á san owó sílẹ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ọjọ́ márùn-ún ni ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin sì ni àbájáde; ẹni tí kò bá jẹ á gba owó rẹ̀ padà. Lọ́tìrì àkọ́kọ́ pàápàá kò lọ geere: lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, nọ́ńbà 0, tí wọn kò fún ẹnikẹ́ni, ni pátákó kéde pé ó jẹ, títí wọ́n fi tún un ṣe.

Òfin tó le jù níbẹ̀ ni ti wíwó ilé. Bí onílé kò bá wọ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ 45, wọ́n á wó o, ilẹ̀ á sì padà sí ọjà. Iléeṣẹ́ náà ti dá òfin yìí dúró fún ìgbà díẹ̀ nígbà àjálù, bíi ti àrùn kòrónà ní 2020. Fún ẹni tó ń wá ilẹ̀, òfin náà tọ́, nítorí láìsí i àwọn tó ti fi géèmù sílẹ̀ ni wọn ì bá gba gbogbo àdúgbò. Yàrá inú ilé alájà ni wọ́n fi ṣe ìtùnú: 500,000 gil, owó inú géèmù náà, ni, òfin wíwó kò sì kàn án. Ṣùgbọ́n kò ní àgbàlá, kò sì ní ojúde.

Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ní àwọn ilé géèmù Tanke àti àyíká ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bọ́ọ̀lù orí PlayStation ni àwọn ọ̀dọ́ sábà ń sanwó fún. MMORPG fẹ́ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti ẹni àti àkáǹtì tí ènìyàn á máa padà sí lójoojúmọ́. Final Fantasy XIV tàbí World of Warcraft nìkan gba ju 100GB lọ, èyí tó jẹ́ pé dátà òru tàbí Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ á fi gbà á díẹ̀díẹ̀.

Sáfà Final Fantasy XIV wà ní Japan, Àríwá Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Oceania. Kò sí ọ̀kan ní Áfíríkà. Nínú ìjà, jíjìnnà yìí ń mú kí ọwọ́ pẹ́, ẹni tí iná bá sì lọ mọ́ lọ́wọ́ ti já ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀. Fún títo ilé, kò ṣe nǹkan kan. Àga tí ènìyàn gbé síbì kan láago mẹ́jọ alẹ́ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé láàárọ̀. Èyí ni ìdí tí ilé eléré fi bá ibi tí iná kò ti dúró mu ju ogun lọ, bí àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ kò tilẹ̀ sábà mẹ́nu kàn án.

Owó ni ìṣòro. Owó oṣooṣù tó kéré jù fún Final Fantasy XIV jẹ́ $12.99. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ bí ₦470, iye náà jẹ́ nǹkan bíi ₦6,100. Nígbà tí dọ́là fi máa kọjá ₦1,500 ní 2024, ó ti ju ₦19,000 lọ. Ní 2022 pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá fún ìgbà kan. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì ti kọjá ọjọ́ 45. Ṣíṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì yanjú rẹ̀, nítorí eléré ọ̀fẹ́ kò lè kó ju 300,000 gil jọ, èyí tí kò ra yàrá kan.

Lójú ẹni tó dàgbà sí agbo ilé, òfin yìí ṣàjèjì. Ní Ìlọrin, ẹni tó rìnrìn àjò kò pàdánù ààyè rẹ̀ lábẹ́ Mágàjí, olórí agbo ilé. Àwọn ará Ọ̀fà àti Ìlọrin tí ìjọba Ghana lé padà wálé ní 1969, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní Kúmásí àti Àkíráà, agbo ilé bàbá wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí.

Àwọn ètò tuntun

Blizzard kéde ní Oṣù Kọkànlá 2024 pé ilé ń bọ̀ nínú World of Warcraft, lẹ́yìn ogún ọdún tí àwọn eléré ti ń bèèrè fún un. Àdúgbò ibẹ̀ ní nǹkan bí ààdọ́ta ilẹ̀, àdúgbò tuntun sì ń ṣí bí ti àtijọ́ bá kún. Iléeṣẹ́ náà ṣèlérí pé kò ní sí lọ́tìrì, àti pé ẹni tí owó oṣooṣù rẹ̀ bá tán kò ní pàdánù ilé. $14.99 ni owó oṣù kan, láìka owó àfikún tuntun géèmù náà.

Albion Online, tí Sandbox Interactive ti Jámánì gbé jáde ní 2017, ti wà lórí fóònù láti 2021, ó sì ní sáfà ní Yúróòpù láti 2024. Erékùṣù àdáni ni ilé ibẹ̀. Ènìyàn lè kọ́lé sí i, kó gbin nǹkan, kó sin ẹran. Ẹni tó ní Premium, ìyẹn àǹfààní tí wọ́n ń sanwó fún, ló lè rà á, ṣùgbọ́n fàdákà inú géèmù lè ra Premium náà, láìlo káàdì báńkì.