Ṣé tí dókítà ọkàn bá ti wọ épúrọ̀n òjé, ó bùṣe nìyẹn?

Ohun tí èèyàn máa ń gbọ́ ni pé àwọn dókítà tó ń ti wáyà gba ọwọ́ tàbí itan wọnú ọkàn, tí wọ́n ń fi X-ray wo ibi tó ń lọ, kò séwu fún wọn, ṣebí épúrọ̀n òjé wà lọ́rùn wọn. Àwọn míì tó ń ṣiṣẹ́ nínú cath lab, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá o, àmọ́ kò pé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán X-ray yẹn, ti ń bá dókítà. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀rọ ló ń tàn án sí i lára tààrà, rárá o, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni túùbù X-ray sábà máa ń wà, ó ń tàn sókè, tó bá wá kan ara aláìsàn, díẹ̀ nínú ẹ̀ á ta padà, á fọ́n ká yàrá. Ara aláìsàn gan-an ló ń ta á sí dókítà, dókítà sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún aláìsàn ló dúró sí, wáyà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò ríbi sá lọ. Tí wọ́n bá wá yí ẹ̀rọ kó lè wo ọkàn láti apá òsì, túùbù á sún mọ́ ọ̀dọ̀ dókítà nísàlẹ̀, ìgbà yẹn ló ń gbà á jù.

Épúrọ̀n tí òjé inú ẹ̀ tó 0.5 mm lè dá nǹkan bí 95% èyí tó ń ta padà dúró. Ó dáa fún àyà àti ikùn. Orí ńkọ́? Ọwọ́ ńkọ́, ojúgun ńkọ́?

Ti ojú ló burú jù lójú tèmi. Tẹ́lẹ̀, 150 mSv (òṣùwọ̀n rédíéṣọ̀n tó kan ara ni mSv) lọ́dún ni wọ́n ní lẹ́ńsì ojú òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá, àmọ́ lọ́dún 2011 ICRP, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìdáàbòbò lọ́wọ́ rédíéṣọ̀n, já a wálẹ̀ sí 20 mSv lọ́dún tí wọ́n bá pín in sórí ọdún márùn-ún, torí wọ́n rí i pé èyí tí kò tó bí wọ́n ṣe rò lè fa kátárákìtì, ìyẹn kí lẹ́ńsì ojú ṣú, ẹ̀yìn lẹ́ńsì ló sì sábà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì olójé wà, àmọ́ tí kò bá bo ẹ̀gbẹ́ ojú, kò ràn án tó bẹ́ẹ̀, torí dókítà kì í wo aláìsàn, mọ́nítọ̀ ló kọjú sí, rédíéṣọ̀n á kàn gba ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ gíláàsì wọlé.

Ohun tó ń gba orí àti ojú là ni gíláàsì olójé ńlá tí wọ́n so kọ́ láti òkè àjà, kí wọ́n fà á sún mọ́ aláìsàn dáadáa, kì í ṣe kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́ (wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ o!). Kọ́tìnnì òjé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà fún ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kéèyàn sún sẹ́yìn: tí o bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń kàn ọ́ á di ìdá mẹ́rin péré. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba fídíò ọkàn sílẹ̀ ló yẹ kí nọ́ọ̀sì tí kò níṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lákòókò yẹn sún sẹ́yìn, torí rédíéṣọ̀n ibẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti wíwò lásán.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé rédíéṣọ̀n á ṣì wà nínú yàrá lẹ́yìn iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, X-ray tán. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò ní gbogbo ìgbà tí ojú ẹ̀ ò bá sí lórí mọ́nítọ̀.

Báàjì tó ń ka rédíéṣọ̀n náà, kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó kàn ń ṣírò ni, ó sì dáa kí ó jẹ́ méjì, ọ̀kan lábẹ́ épúrọ̀n, ọ̀kan níta lọ́rùn, torí èyí tó wà lábẹ́ ò lè sọ ohun tí ojú ń jẹ. Èyí tí ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀ ò ní sọ nǹkan kan.

Épúrọ̀n gan-an sì máa ń bà jẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn rí i. Tí wọ́n bá ń ká a tàbí wọ́n ń jù ú sórí àga, òjé inú ẹ̀ á sán, òde á ṣì máa dán. Orí híngà ló yẹ kó wà, kí wọ́n sì máa gbé e sábẹ́ X-ray lọ́dọọdún láti wo ibi tó ti sán.