Àmì orí jíà dọ́gba, síbẹ̀ camshaft pẹ́: báwo?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń to ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350 ní Houston fi fọ́tò kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Àmì méjì orí jíà kọjú síra wọn géérégé, àmọ́ ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé camshaft òun fi dígíríì 4 pẹ́. Ìbéèrè wá rọ̀jò. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kó o wá bá.

Kí ni iṣẹ́ camshaft?

Òun ló ń ṣí fáàfù, ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Crankshaft, irin tí àwọn piston ń yí, á yí lẹ́ẹ̀mejì kí camshaft tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Bí àmì bá ti dọ́gba, ṣé kò tó ni?

Àmì ń jẹ́ ká mọ̀ pé eyín tó yẹ la fi ṣéènì tó so camshaft mọ́ crankshaft há. Kò sọ ibi tí camshaft wà gan-an. Ihò ara jíà lè yẹ̀ díẹ̀, ojú kíì (ihò tóóró tí irin tó de jíà mọ́ ọn ń wọ̀) lára crankshaft lè yẹ̀ díẹ̀, ẹni tó gé camshaft náà lè ṣì í díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá yẹ̀ sápá kan náà, ó lè di dígíríì 4.

Báwo ló ṣe wá mọ̀?

Ó wọ̀n ọ́n. Ó de àwo tí wọ́n pín sí dígíríì 360 mọ́ orí crankshaft, ó fi wáyà ṣe atọ́ka. Ó kọ́kọ́ ní láti mọ ibi tí piston nọ́ńbà 1 ti ga jù. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, torí piston máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lókè nígbà tí crankshaft ṣì ń yí. Ó fi irin dí i lọ́nà kó má lè dé òkè, ó rọra yí i títí ó fi kan irin, ó ka àwo: 24. Ó yí i sódì títí ó tún fi kan án: 28. Ó tẹ wáyà títí apá méjèèjì fi ka 26. Ibẹ̀ ni òdo, ibi tí piston ga jù, ti bọ́ sójú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí: bí òdo bá yẹ̀, irọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tó kù.

Ó wá gbé aago ìwọ̀n lé lifter fáàfù ìwọlé, irin kékeré tí camshaft ń tì sókè láti ṣí fáàfù náà. Nígbà tó ku 0.050 íǹṣì kí lifter ga dé òpin, àwo ka 72. Nígbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ ní 0.050, ó ka 148. Ro méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì: 110, ibẹ̀ ni fáàfù ìwọlé ti ṣí jù. Ìwé tó bá camshaft náà wá ní 106, ó fi 4 pẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí nìkan ló yí i sí lásìkò yìí, kí ṣéènì tó dẹ̀ má ba ìwọ̀n jẹ́.

Kí ni dígíríì 4 ń bà jẹ́?

Fáàfù ìwọlé á pẹ́ kó tó padé. Agbára á dín kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, ibi tí ọkọ̀ ìgboro ti nílò rẹ̀ jù.

Àtúnṣe ńkọ́?

Jíà crankshaft tó ní ojú kíì mẹ́ta: òdo, 4 síwájú (kí fáàfù tètè ṣí), 4 sẹ́yìn (kó pẹ́). Ó lo ti iwájú, ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

Ṣé fáàfù lè gbá piston?

Ó lè gbá a, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí a bá ti camshaft síwájú, fáàfù ìwọlé á sún mọ́ piston. Bí a bá fà á sẹ́yìn, fáàfù èéfín ni. Wọ́n máa ń lẹ amọ̀ rírọ̀ mórí piston, wọ́n á fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì gé amọ̀ náà wò. Nǹkan bíi mílímítà 2 ni a sábà ń fẹ́ fún ìwọlé, 2.5 fún èéfín.

Toyota tèmi ńkọ́?

Bó bá jẹ́ camshaft tó bá a wá láti iléeṣẹ́ ni, àmì tó. Àmọ́ ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ timing belt tàbí timing chain, ẹ dúró tì í. Kó fi sípánà yí crankshaft lẹ́ẹ̀mejì gbáko kó tó sitáàtì ẹ́ńjìnnì, kí àmì ara jíà sì padà sójú wọn. Bó bá há lágbede méjì, kó má fagbára yí i. Kó tú u.