Ta Ni Ń Ṣe Aájò Ẹni Tó Ń Ṣe Aájò?

Ìbéèrè: Ìyá wa ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn, ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń tọ́jú wọn ló ń rù. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ tó pọ̀ ni à ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, nígbà tí a bá ní ẹnìkan "ń dúró ti aláìsàn". Ọmọ tó ń gbé ìyá rẹ̀ láti Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀ gba oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 21, ni yóò tò fún káàdì, ni yóò sáré lọ sanwó, ni yóò sì tún máa nu èébì nílé lóru. Bí ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán sí ibi tí jẹjẹrẹ wà, bá wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó fi jẹ́ pé wọn yóò wá ibi tí wọn yóò wọ̀ sí níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí olùtọ́jú fi ń jẹun yóò sì wà ní títì.

Ìbéèrè: Ṣé owó kọ́ ló wá nílò jù?

Ìdáhùn: Ó nílò owó gan-an. Síbẹ̀, àlàyé ni mo rí i pé wọn kì í sábà fún un tó. Kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó yẹ kí ó ti mọ̀ pé oògùn jẹjẹrẹ máa ń dín ohun tó ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Nítorí náà, bí ara Màmá bá gbóná dé 38 lórí tẹmọ́mítà, kí ó má ṣe fi àgbo tàbí oògùn ibà dẹ́kun rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Kí ó máa wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá ń kó èébì tàbí ìtọ̀ dànù láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn oògùn náà. Bí dókítà bá sì kọ mọ́fíìnì fún ìrora, kí ó mọ̀ pé ìrora ni wọ́n ń tọ́jú, wọn kò tíì sọ ìrètí nù. Ẹni tí kò mọ èyí lè jókòó ti ìrora ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó máa rò pé ẹ̀bi òun ni.

Ìbéèrè: Àlejò ń wá kí wa lójoojúmọ́. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ìdáhùn: Èdè wa ní ìkíni fún olùtọ́jú: "Ẹ kú aájò o, aájò á jẹ́." Ìkíni tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn rẹ̀, àlejò á jókòó, ẹni tí kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ láti àná á sì dìde lọ bu omi, á tún máa wá ohun tí wọn yóò fi panu. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni kí ẹ ṣe, nítorí ẹni tó ti rẹ̀ kì í mọ èsì tí yóò fọ̀. Ẹ sọ pé: "N óò wá lọ́jọ́rú, n óò jókòó ti Màmá láti aago 2 sí aago 5, ìwọ lọ sùn." Kí ẹlòmíràn fọ aṣọ, kí ẹlòmíràn mú àwọn ọmọ bọ̀ láti ilé-ìwé.

Ìbéèrè: Màmá ní kí a má dárúkọ àìsàn náà fún ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Ìdáhùn: Màmá ló ni àṣírí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù bẹ̀ wọ́n kí ènìyàn méjì péré mọ̀, kí àbúrò yín lè rí ẹni tí yóò sunkún sí lọ́rùn.

Ìbéèrè: Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun máa ń bínú sí wọn. Ṣé ìkà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ló ń fa irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí oorun sùn tàbí tí oúnjẹ kò wù ú mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun náà gba káàdì tirẹ̀, kí ó sọ fún dókítà bí ó ṣe rí. Bí ó bá sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti lo ti òní.