Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì mú jáde ní yunifásítì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àkọ́sórí ni bàọ́lọ́jì. Kì í ṣe torí ìyẹn la ṣe ń lo ọdún mẹ́rin. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan láti inú sẹ́ẹ̀lì dé àárín ìlú, kó sì lè ṣàlàyé bí a ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Èròjà kékeré kan ló yí padà nínú hẹmoglobíìnì, tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto á ti tẹ̀ bíi dòjé; irú rẹ̀ ló ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, tí ìrora fi ń mú aláìsàn. Ní làábù, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti pò sórí bébà kan, wọ́n á sì fi iná mànàmáná sí i: hẹmoglobíìnì A, tí kò ní àléébù, á sáré ṣáájú, S tó yí padà á rẹ̀yìn. Bí àmì méjèèjì bá hàn, AS nìyẹn: ó jogún A lọ́dọ̀ òbí kan, ó jogún S lọ́dọ̀ ìkejì. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí lè ṣini lọ́nà, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí onítọ̀hún lára.

Ẹ̀kọ́ nípa àjogúnbá ló kàn. Bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà ń ṣe. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn àbúrò ti bọ́ nìyẹn. Rárá o! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni. Ìgbéyàwó èèyàn wà lórí kí ẹnì kan lè ṣàlàyé èyí yékéyéké.

Kí ló dé tí S yìí fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Lọ́dún 1954, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Anthony Allison, fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ní Uganda hàn pé ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn AS gbé ṣe. Níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí, AS ń rí ayé gbé, ó sì ń bí irú ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá fi ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ á bi ìbéèrè tirẹ̀, bóyá nípa kòkòrò inú omi kànga àdúgbò, á ka ohun tó rí, á sì kọ ọ́ bó ṣe rí, kódà bí kò bá bá èrò rẹ̀ mu. Ẹni tó da ti ẹlòmíràn kọ ti pàdánù ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù. Ìgbà IT, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ níta yunifásítì, ló dáa kó ti máa wá ìbéèrè náà, ní làábù ilé ìwòsàn tàbí ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ bíi IITA n'Íbàdàn, níbi tí irinṣẹ́ àti ẹni tó máa kọ́ ọ lò ó wà nítòsí.